Mọ́tò kit tí a kọ́ sílé: bí yóò ṣe yege IVA kó tó gba nọ́mbà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kent ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ méjì. Mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, àmọ́ iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe ní Ìbàdàn nìyẹn, abẹ́ mọ́tò ni mo sì dàgbà sí. Mo fẹ́ ra kit (ẹ̀yà mọ́tò tí èèyàn á tò pọ̀ fúnra rẹ̀) irú ti Seven, mọ́tò kékeré ìjókòó méjì, kí n tú Mazda MX-5 àtijọ́ kan láti fi kọ́ ọ nínú gáréèjì wa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní owó mi á kàn jóná ni, pé ìjọba ò ní jẹ́ kó jáde sí títì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ lè kọ́ ọ kó sì yege? Nọ́mbà wo ni wọ́n máa fún un? Ṣé mo lè wà á lọ síbi àyẹ̀wò fúnra mi?

Ìdáhùn: Àbúrò, o ṣe é tí o béèrè kí owó tó jáde lápò. Ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ lè kọ́ ọ, ó sì lè yege. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ ya àyè sọ́tọ̀ fún irú yín, ìyẹn ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mọ́tò fún ìlò ara rẹ̀, tí kì í ṣe fún títà. IVA ni àyẹ̀wò tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ yege kó tó gba nọ́mbà, IVA 1C sì ni fọ́ọ̀mù tiyín. Owó tí mo rí tó ń jóná lórí iṣẹ́ yìí, ti àwọn tó fi àyẹ̀wò sí ìkẹyìn ni. Wọ́n á kọ́ mọ́tò tán, wọ́n á kùn ún, wọ́n á wá ṣí ìwé IVA ti DVSA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe àyẹ̀wò náà, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò. Ìwé yẹn ni kí ìwọ kọ́kọ́ kà, kí o tó ra bóòtù kan.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ tí o wà yìí. Lọ́dún 1957 ni Colin Chapman gbé Lotus Seven jáde, ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á ló sì gbà á ní ẹyọ ẹyọ lọ sílé, torí owó orí tí ìjọba ń gbà lórí mọ́tò tuntun kì í kan ẹrù tí ẹni tó rà á bá tò pọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí VAT dé lọ́dún 1973, àǹfààní yẹn bá owó orí àtijọ́ lọ. Ọdún yẹn kan náà ni Caterham gba ẹ̀tọ́ Seven lọ́wọ́ Lotus. Látìgbà náà, ẹni tó bá ń kọ́ kit, ìfẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é, kì í ṣe pé ó fẹ́ sá fún owó orí. Lọ́dún 1998 ni ìjọba gbé àyẹ̀wò SVA kalẹ̀ fún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀; IVA gbapò rẹ̀ lọ́dún 2009, ó sì le jù ú lọ.

Iléeṣẹ́ méjì lo máa bá pàdé, má sì pa wọ́n pọ̀. DVSA ló ń ṣe IVA, ohun tó sì fẹ́ mọ̀ ni bóyá mọ́tò yìí lè ṣe ọ́ léṣe tàbí kó ṣe ẹlòmíì léṣe. DVLA tó wà ní Swansea ló ń fún ni ní nọ́mbà. Ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni ibi tí mọ́tò ti wá, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ẹni tó ni ín. Mọ́tò lè yege lọ́dọ̀ DVSA láìsí àbùkù kankan, kó sì wà ní gáréèjì fún oṣù mélòó kan nítorí ìwé tí DVLA ń béèrè.

Nítorí náà, ìwé ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nọ́mbà tí o béèrè, bó ṣe rí nìyí. Tí gbogbo ẹ̀yà mọ́tò bá jẹ́ tuntun láti ọwọ́ ẹni tó ta kit, tàbí tí kò ju ẹyọ kan péré nínú wọn lọ tó jẹ́ èyí tí wọ́n tún ṣe bí tuntun pẹ̀lú ẹ̀rí, nọ́mbà ọdún tí o forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló máa gbà. Tìrẹ ò ní rí bẹ́ẹ̀, torí MX-5 lo fẹ́ tú. Bí o bá lo ṣáṣí tuntun tí iléeṣẹ́ kit ṣe, tí o sì mú ẹ̀yà pàtàkì méjì láti ara Mazda náà, bí ẹ́ńjìnnì, gíọ̀, sítíárìn, áàsù tàbí sọsipẹ́ńṣàn, nọ́mbà tó bá ọjọ́ orí Mazda yẹn mu ni wọ́n máa fún ọ. Tí o ò bá rí ẹ̀rí gbé kalẹ̀, nọ́mbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q ló kù. Q kì í ṣe ìtìjú. Mọ́tò Q ń rìn lójú títì bí èyí tó kù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá fẹ́ tà á, àwọn olùrà á máa já owó rẹ̀ wálẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ ìbánigbófò míì ò sì ní fẹ́ gbà á. Èmi ò ní jẹ́ kí àìtọ́jú ìwé sọ iṣẹ́ ọwọ́ mi di Q. DVLA máa ń tún òfin wọn ṣe, torí náà ka ojú ewé wọn lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó ra Mazda.

V5C Mazda náà, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, tọ́jú ẹ bí ẹni tọ́jú ìwé ilẹ̀. Tí o bá ti yọ ohun tí o fẹ́ lára rẹ̀, má kàn gbé àjókù rẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin kí wọ́n wá kọ ìwé ìparun mọ́tò fún un. Ìwé ìparun túmọ̀ sí pé mọ́tò yẹn ti kú lójú DVLA, o ò sì lè fi orúkọ òkú gba nọ́mbà. Ya fọ́tò nọ́mbà ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì wà nínú Mazda, kí nọ́mbà ṣáṣí Mazda hàn nínú fọ́tò kejì. Ya iṣẹ́ rẹ ní gbogbo ìpele, kí ìwọ fúnra rẹ sì wà nínú díẹ̀ nínú wọn pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Ẹ̀rí pé ọwọ́ rẹ ló kọ́ ọ nìyẹn. Rìsíìtì gbogbo, títí kan ti bóòtù, kó wọ fáìlì. Ẹ̀rí ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì ṣe kókó ju bí o ṣe rò lọ, torí òun ni wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n èéfín tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ. Láìsí ẹ̀rí, ìwọ̀n ti mọ́tò ìwòyí ni wọ́n lè gbé lé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lórí.

Nígbà tí o bá lọ wo kit, yálà ní iléeṣẹ́ wọn tàbí níbi ìpàtẹ mọ́tò kit, jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi ọ́ han àwọn tó ti fi kit rẹ̀ gan-an yege IVA. Bá wọn sọ̀rọ̀. Wo bóyá VIN, ìyẹn nọ́mbà ìdánimọ̀ mọ́tò, ti wà lára ṣáṣí, tí wọ́n tẹ̀ wọnú irin, àti bóyá pátákó kékeré tó ní orúkọ ẹni tó ṣe é, VIN àti ìwọ̀n ẹrù tí áàsù kọ̀ọ̀kan lè gbé wà níbẹ̀. Wọ́n máa gbé mọ́tò rẹ sórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ àyẹ̀wò láti fi wé ohun tó wà lórí pátákó yẹn.

Ó wá kan iṣẹ́ gan-an. Ohun tó ń dá kit dúró jù ni igun àti etí tó mú. Ìwé IVA ní gbogbo ibi tí bọ́ọ̀lù oníwọ̀n 100 mm bá lè kàn ní ìta mọ́tò, igun rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní rédíọ́ọ̀sì (ìyẹn bí igun ṣe yí róbótó tó) 2.5 mm, ó kéré tán. Kà á lẹ́ẹ̀mejì, torí lára Seven, gbangba ni gbogbo nǹkan wà. Apá sọsipẹ́ńṣàn iwájú ò ní ìbòrí. Wá gbé iná sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú kí o sì wò ó dáadáa: bóòtù tó gba inú apá òkè kọjá, òpin rẹ̀ yọ sí ìta, àwọn eyín rẹ̀ mú bí ayùn. Nọ́ọ̀tù tó dè é ní igun mẹ́fà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ tó di iná iwájú mú, etí rẹ̀ ò nípọn ju 2 mm lọ. Nǹkan mẹ́ta nìyẹn ní ibi tí àtẹ́lẹwọ́ kan lè bò, ẹyọ kan nínú wọn sì tó láti mú ọ padà sílé pẹ̀lú ìwé pé o ò yege. Rọ́bà onígun U ni a fi ń bo etí irin. Ike onífìlà la fi ń bo orí nọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n lẹ̀ wọ́n pa. Oníyẹ̀wò máa fi ọwọ́ fà wọ́n, èyí tó bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Nígbà míì, kéèyàn gé bóòtù sí ìwọ̀n tó yẹ tàbí kó yí i padà kí orí rẹ̀ wà níta ló dáa ju ike lọ.

Gé bọ́ọ̀lù 100 mm kan láti inú igi tàbí fóòmù, kí o sì máa yí i káàkiri ara mọ́tò bí o ṣe ń kọ́ ọ: abẹ́ fẹ́ńdà, ẹnu bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn dígí, orí sáílẹ́ńsà tó yọ sí ẹ̀gbẹ́. Nínú mọ́tò, bọ́ọ̀lù tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń lò, 165 mm, nítorí orí ènìyàn ló ń dúró fún. Níbẹ̀ ni dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń fa wàhálà. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí orúnkún ti lè kọlù ú, rédíọ́ọ̀sì 19 mm ni wọ́n ń wá. Àwọn súìṣì onírin tó gùn tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn nítorí pé wọ́n jọ ti ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́, fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Àwọn kan máa ń sọ fún ọ pé kí o ya gbogbo rọ́bà yẹn dànù lọ́jọ́ kejì àyẹ̀wò. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ọmọ méjì lo ní. Ọmọ ẹlòmíì náà lè sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù wọ títì, apá sọsipẹ́ńṣàn rẹ sì wà ní gíga itan rẹ̀ gan-an. Jẹ́ kí rọ́bà wà níbẹ̀.

Ohun kejì tó ń dá kit irú Seven padà ni sítíárìn tí kì í dá ara rẹ̀ padà sí àárín. Oníyẹ̀wò á wa mọ́tò náà jẹ́ẹ́jẹ́, á yí sítíárìn, á sì dá a sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà láìsí ìrànlọ́wọ́ ọwọ́. Mazda tí o fẹ́ tú wọn tó tọ́ọ̀nù kan, àmọ́ kit tí o fẹ́ kọ́ ò ní ju ìdajì rẹ̀ lọ púpọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ níwájú sì sún sẹ́yìn gan-an, torí náà ẹrù orí táyà iwájú kéré. Ìwọ̀nba agbára tó ń dá sítíárìn padà máa ń kéré, ohunkóhun tó bá ń dí i lọ́wọ́ á sì borí rẹ̀.

Gbé iwájú mọ́tò sókè lórí jáàkì pẹ̀lú irin ìdúró, kí o sì fi ìka kan yí sítíárìn láti ọ̀tún dé òsì. Tó bá ń le níbì kan, má tíì fọwọ́ kan ohun mìíràn. Bùṣíìnì tó di ọ̀pá sítíárìn mú lè ti fún un jù, tàbí kí oríkèé ọ̀pá náà máa ní igun tó pọ̀ jù níbi tó ti yà gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá, tàbí kí bọ́ọ̀lù-jọ́ìńtì tuntun ṣì le. Ìgbà tí ìyẹn bá lọ geere ni o wá lè wo caster, ìyẹn bí òpó tí táyà ń yí lé lórí ṣe fì sẹ́yìn. Fọ́ọ̀kì iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere ló sọ ọ́ dáadáa: nítorí pé ó fì sẹ́yìn ni kẹ̀kẹ́ ṣe ń wá ọ̀nà tààrà fúnra rẹ̀. Bí caster bá pọ̀ sí i, sítíárìn á túbọ̀ máa padà, á sì wúwo díẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn bí àwọn táyà ṣe kọjú síra wọn. Ní ìkẹyìn ni afẹ́fẹ́ táyà: tí táyà bá le díẹ̀ sí i ju bí a ṣe ń lò ó, ibi tó ń tẹ ilẹ̀ á dínkù, kò sì ní dí sítíárìn lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi afẹ́fẹ́ táyà bẹ̀rẹ̀ torí ó rọrùn, wọn ò sì mọ̀ pé bùṣíìnì ló ń pa wọ́n lára. Kí ẹni tó ní ẹ̀rọ aláìnmẹ́ǹtì gidi wọ̀n ọ́n fún ọ, kó sì kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀.

Bíréèkì ni ibi tí mi ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni kó fi ṣeré. Ojú ọ̀nà ọ́ìlì méjì ni kó ní, kí ọ̀kan lè dá mọ́tò dúró tí èkejì bá já. A gbọ́dọ̀ lè rí ìwọ̀n ọ́ìlì láìṣí ìdérí, kí iná ìkìlọ̀ sì tàn tí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀. Tí o bá fi irin tó ń pín agbára bíréèkì láàárín iwájú àti ẹ̀yìn sí i, àfi kí o tì í pa kí ẹnikẹ́ni má lè máa yí i kiri. Táyà ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ dì kí ti iwájú tó dì. Páìpù irin gbọ́dọ̀ di mọ́ ara ṣáṣí láìmì, kó sì jìnnà sí sáílẹ́ńsà. Ti páìpù rọ́bà, èyí ni ohun tí mò ń ṣe: mo máa yọ sípíríngì kúrò, mo máa gbé táyà sókè pátápátá, mo máa yí sítíárìn débi tó parí sí, ọ̀tún àti òsì, lẹ́yìn náà mo máa jẹ́ kí táyà sọ̀ kalẹ̀ pátápátá kí n tún yí i. Iná lọ́wọ́ kan, ojú lára páìpù. Níbi tó bá ti fà tàbí tó ti kan rímù, ibẹ̀ ló máa bẹ́ lọ́jọ́ kan.

Èyí tó kù ò gba àlàyé púpọ̀, ìwọ̀n ni kí o máa wọ̀n. Gbogbo iná àti dígí kó ní àmì E lára, ìyẹn àmì pé wọ́n ti fọwọ́ sí i. Iná ìsàlẹ̀ ti iwájú (dipped beam) kò gbọ́dọ̀ kéré sí 500 mm láti ilẹ̀. Seven sún mọ́lẹ̀, torí náà wọ̀n ọ́n nígbà tí mọ́tò bá dúró lórí táyà rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù. Iná kùrukùru ti ẹ̀yìn kó wà ní àárín tàbí ní ọwọ́ ọ̀tún, kó sì jìnnà sí iná bíréèkì tó 100 mm. Ibi tí bẹ́líìtì ti so mọ́ra lókè kó ga ju ìjókòó lọ tó 450 mm. Ìdérí táǹkì epo kó ní okùn tàbí kọ́kọ́rọ́ kó má baà sọnù. Mítà eré kò gbọ́dọ̀ kéré sí eré gidi láéláé, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Fi GPS yẹ̀ ẹ́ wò. Ti ariwo, 99 dB ni òpin rẹ̀: wọ́n á gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sí ìdajì mítà sí ẹnu sáílẹ́ńsà, ní igun 45, wọ́n á sì gbé ẹ́ńjìnnì dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin eré tó ti ń fún ni ní agbára jù. Ti ẹ́ńjìnnì tó ń fún ni ní agbára jù ní ìyípo 6,500 ní ìṣẹ́jú kan, 4,875 nìyẹn. Ra sáílẹ́ńsà tó dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn aládùúgbò rẹ náà á dúpẹ́.

Tí mọ́tò bá ti pé, kó IVA 1C ránṣẹ́ pẹ̀lú owó àyẹ̀wò, tó wà ní nǹkan bíi £450, wọ́n á sì fún ọ lọ́jọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, o lè wà á lọ fúnra rẹ. Òfin gbà á láìsí nọ́mbà fún ọjọ́ tí wọ́n ti dá fún ọ, ní lílọ àti bíbọ̀, bí mọ́tò bá dára fún títì, tí o sì ti gba ìbánigbófò lórí VIN rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá bi mí, tìrélà ni màá ní kí o fi gbé e. Mọ́tò tí kò tíì rìn rí, ọ̀nà ńlá M2 kì í ṣe ibi tó yẹ kó ti kọ́kọ́ sọ àìsàn rẹ̀. Gbé àpótí sípánà lọ, rọ́bà, àwọn fìlà ike, gúlù, bọ́ọ̀bù iná àti wáyà. Àyẹ̀wò náà lè gba wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ oníyẹ̀wò á jẹ́ kí o tún ohun kékeré ṣe níbẹ̀ tí àyè bá wà. Bọ̀wọ̀ fún wọn. Púpọ̀ nínú wọn fẹ́ràn mọ́tò bíi tìrẹ, wọ́n á sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí fún ọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ lè má bọ́ sí i, kò sì sí ohun tó burú nínú ẹ̀. Ìwé tí wọ́n máa fún ọ á to gbogbo àbùkù lẹ́sẹẹsẹ, o sì ní oṣù mẹ́fà láti tún wọn ṣe kí o sì padà wá pẹ̀lú £90, dípò kí o san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó wà lórí ìwé yẹn nìkan ni kí o fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá lọ tú ohun tó ti yege palẹ̀, ó ń wá iṣẹ́ tuntun fún ara rẹ̀ ni.

Tí o bá yege, ìwé ẹ̀rí IVA tí wọ́n fún ọ, fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ V55/5, V627/1 tó ṣàlàyé bí a ṣe kọ́ mọ́tò náà, V5C Mazda, àwọn rìsíìtì, fọ́tò, owó orí títì àti £55 ti ìforúkọsílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kó lọ sí Swansea pọ̀. Ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo kí o tó fi ránṣẹ́. Nígbà tí nọ́mbà bá dé, sọ fún iléeṣẹ́ ìbánigbófò kí wọ́n fi rọ́pò VIN, dá afẹ́fẹ́ táyà padà sí ìwọ̀n tó yẹ, kí o sì rìn lẹ́bàá ilé fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú sípánà ìwọ̀n, kí o sì fún gbogbo nọ́ọ̀tù sọsipẹ́ńṣàn, sítíárìn, rímù àti bíréèkì lẹ́ẹ̀kan sí i, torí bùṣíìnì àti ṣáṣí tuntun máa ń jókòó wọlé, nọ́ọ̀tù á sì dẹ̀. Kun èyí tí o bá ti fún ní ọ̀dà funfun díẹ̀, kí o lè mọ̀ tó bá yí kúrò láyè rẹ̀.